"Àǹtí, Fíìmù Wo Ló Dáa?": Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Sísọ Èrò Ẹni Nípa Fíìmù Tí A Ṣẹ̀ṣẹ̀ Wò

Láti ìgbà tí mo ti ń yá àwọn èèyàn ní kásẹ́ẹ̀tì ní Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti ń bi mí pé fíìmù wo ló dáa. Kásẹ́ẹ̀tì ti lọ, síídì náà ti lọ, orí fóònù ni kálukú wà báyìí. Síbẹ̀ ẹnu ni fíìmù ṣì fi ń rìn láti ilé kan dé òmíràn. Àwọn ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù, láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ṣágámù, ló wà nísàlẹ̀ yìí. Ojú tèmi ni mo fi dáhùn wọn o.

Bí ẹnìkan bá bi mí pé, "Ṣé fíìmù yẹn dáa?", kí ni kí n sọ?

Ẹ kọ́kọ́ bi í pé ta ló fẹ́ wò ó. Ìyá tó fẹ́ fi nǹkan síwájú àwọn ọmọ lọ́sàn-án Sátidé, àti ọ̀dọ́kùnrin tó ń wá ohun tó máa fi òru rẹ́rìn-ín, ìdáhùn wọn kò lè jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ wo Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan ṣe, tó jáde lórí Netflix ní 2022. Àgbàlagbà tó fẹ́ràn ìtàn ayé àtijọ́, màá ní kó lọ wò ó lónìí. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ bá ọmọ ọdún mẹ́sàn-án wò ó, màá ní kó fi í sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ ìyàwó ọba àti àlè ló wà níbẹ̀, ibì kan sì wà tí ẹ máa dédé bẹ̀rẹ̀ sí í wá rìmóòtù káàkiri àga.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ohun kan pàtó tí ẹ rí. "Ó dáa gan-an" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ sọ pé aṣọ wọn wù yín, pé ẹni tó ṣe ìyáálé bínú débi tí ẹ fi gbàgbé pé eré ni, tàbí pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ falẹ̀, kí èèyàn ní sùúrù. Ẹni tó bá gbọ́ irú ìyẹn á mọ̀ fúnra rẹ̀ bóyá fíìmù òun ni.

Báwo ni mo ṣe lè sọ ìtàn náà láì tú u?

Ẹ dúró síbi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ń sọ Aníkúlápó fún ẹni tí kò tíì wò ó, ohun tí màá sọ kò ju èyí lọ: ahunṣọ kan tó ń jẹ́ Ṣàró dé sí ìlú Ọ̀yọ́, iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn obìnrin ń wò ó, olorì náà wá ń wò ó. Ó tó. Orúkọ fíìmù náà ti sọ fún un pé ikú á bọ́ sápò ẹnìkan. Ẹ jẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí bó ṣe bọ́ síbẹ̀, àti ohun tó wá ti ibẹ̀ jáde.

Nínú Jagun Jagun, èyí tí Fẹ́mi Adébáyọ̀ gbé jáde ní 2023, jagunjagun kan wà tó ń daṣọ bojú. Títí di òní, àwọn kan ṣì wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá ṣe dárúkọ fíìmù yẹn báyìí, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ ni ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ. Ẹ̀yin kò bi wọ́n o! Èmi kò ní sọ ọ́ níbí.

Ẹ má sì fi ojú tú u. Àwọn kan wà tí wọn kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rẹ́ ọkọ bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà nínú fíìmù, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á mirí, wọ́n á ní, "Ẹ ṣì máa rí i." Kí ló tún kù tí wọn kò tíì sọ?

Tó bá jẹ́ ìtàn tí gbogbo ayé ti mọ òpin rẹ̀ ńkọ́?

Nígbà náà, kò sí ohun tí ẹ ń pa mọ́. Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà ilẹ̀ Ẹ̀gbá, inú ìjà ilé ọtí ló kú sí ní Abẹ́òkúta ní 1980, àwọn àgbà ilẹ̀ wa ò sì tíì gbàgbé. Nígbà tí Túndé Kèlání wá ṣe fíìmù Àyìnlá ní 2021, tí Lateef Adédiméjì sì dúró fún un, kò sẹ́ni tó ń retí pé kó má kú. Ohun tí ẹ lè sọ fún èèyàn ni bóyá òṣèré náà rìn bí ẹni yẹn, bóyá orin náà wọ ara, bóyá ẹ káàánú rẹ̀ bí ẹ tilẹ̀ mọ ibi tó ń lọ. Èmi káàánú rẹ̀.

Ọmọ wa ni Ògúndé. Ṣé dandan ni kí n yin fíìmù rẹ̀ tí wọ́n bá bi mí?

Kò sí dandan nínú ìyìn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó ná, nítorí mo ti ṣàkíyèsí pé àwọn tó ń fi Ògúndé yangàn jù láàárín wa ni àwọn tí kò tíì wo ọ̀kankan nínú fíìmù rẹ̀ parí rí.

Òsósà ni wọ́n bí Hubert Ògúndé sí ní 1916, ìrìn díẹ̀ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ló ń ṣe kó tó gbájú mọ́ eré. Láti ọdún 1944 ló ti ń gbé eré orí ìtàgé kiri, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu rẹ̀ kó tó ya sídìí fíìmù. Ayé jáde ní 1979, Jáiyésinmi ní 1980, Àròpin N Tènìyàn ní 1982, Àyànmọ́ ní 1988. Ọdún 1990 ló kú. Ìjà àárín onísègùn rere àti àwọn àjẹ́ ni Ayé, Ògúndé fúnra rẹ̀ ló sì ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá, onísègùn náà.

Kí ni mo máa ń sọ fún àwọn ọmọdé òde òní tí wọ́n bá fẹ́ wò ó? Mo máa ń sọ fún wọn pé orin á pọ̀, orin náà kò sì ní kánjú. Mo máa ń sọ pé àwọn òṣèré á pariwo ju bó ṣe yẹ níwájú kámẹ́rà lọ, nítorí inú gbọ̀ngàn ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, níbi tí ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá ti gbọ́dọ̀ gbọ́. Idán inú rẹ̀, bí ènìyàn ṣe ń pòórá tí iná ń sọ, lè pa ẹni tó ti mọ́ra pẹ̀lú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lẹ́rìn-ín. Kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kò burú. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà, kí wọ́n ṣọ́ ojú Ògúndé nígbà tó bá dákẹ́. Ọkùnrin yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń dúró jẹ́ẹ́ kí gbogbo ilé sì máa wo òun nìkan.

Bí ẹ bá fẹ́ kó dùn, ẹ wá àgbàlagbà kan tó wo Ayé nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, kí ẹ jọ wò ó. Á sọ fún yín bí èrò ṣe pọ̀ tó, ẹni tó sá jáde, ẹni tí kò lè dá sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìdajì adùn fíìmù yẹn wà lẹ́nu wọn, wọ́n sì ti ń dín kù.

Ọmọ àdúgbò wa ló ṣe fíìmù, fíìmù náà kò sì dáa. Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́?

Ẹ ya nǹkan sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìtàn lọ́tọ̀, eré síṣe lọ́tọ̀, ohùn lọ́tọ̀, àwòrán lọ́tọ̀. Púpọ̀ nínú fíìmù tí ẹ ń gbọ́ pé kò dáa, ohùn ló bà á jẹ́. Wọ́n gba ohùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, ọ̀rọ̀ ọkọ ń rinlẹ̀ ketekete, ọ̀rọ̀ ìyàwó ń bọ̀ bí ẹni pé inú kànga ló wà. Bí ẹ bá sọ fún ọmọ náà pé, "Ìtàn rẹ dáa o, àmọ́ mi ò gbọ́ ohun tí ìyàwó sọ níwájú kóòtù," ó ti rí ohun tó máa tún ṣe nígbà mìíràn. Bí ẹ bá ní, "Ẹ ò gbìyànjú," kí ni kó fi ìyẹn ṣe?

Ìyẹn ni ti òun fúnra rẹ̀. Ẹlòmíràn tó ń bi yín bóyá kí òun náwó dátà sí i, òótọ́ ni kí ẹ sọ fún un. Owó rẹ̀ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi ìbátan yin fíìmù tí kò dáa lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó rí i pé nígbà kejì tẹ́ ẹ bá yin èyí tó dáa, wọn ò ní gbà yín gbọ́ mọ́.

Ṣé kí n sọ̀rọ̀ fíìmù tí apá kejì rẹ̀ kò tíì jáde?

Ẹ lè sọ ọ́, kí ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ kò tíì rí òpin. Àṣà "apá kìíní, apá kejì" yìí, láyé kásẹ́ẹ̀tì àti síídì ló ti gbilẹ̀. Ìtàn kan tí wọ́n gé sí méjì á di ọjà méjì, àwa tá à ń yá èèyàn náà sì jẹ níbẹ̀, nítorí ẹni tó bá mú apá kìíní lọ lálẹ́ Ẹtì, ẹnu ọ̀nà wa ló máa wà láàárọ̀ Sátidé. Lórí YouTube, àwọn kan ṣì ń gé e bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà ti rí i: ọmọge ṣílẹ̀kùn, ojú rẹ̀ yí padà, ìlù dún gbọ̀ọ̀, wọ́n ní kí ẹ máa retí apá kejì. Mo ti rí èyí tí apá kìíní rẹ̀ mú mi lọ́kàn, tí apá kejì wá jẹ́ kìkì ìpàdé ẹbí àti ẹkún. Nítorí náà, èmi máa ń dúró de òpin kí n tó sọ pé kẹ́nikẹ́ni lọ wò ó.

Fíìmù tó fi Agẹmọ, Orò tàbí Eégún ṣeré ńkọ́? Ṣé ó yẹ ká máa sọ ọ́ níta?

Ìbéèrè yìí le nílẹ̀ Ìjẹ̀bú ju ibòmíràn lọ. Jagunjagun abojú tí mo sọ lókè yẹn, Agẹmọ ni wọ́n pè é nínú fíìmù. Fún ará Ìbàdàn, orúkọ lásán nìyẹn. Fún àwa, Agẹmọ mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ń wọ̀lú lọ́dọọdún, obìnrin kì í wò ó, ọ̀nà máa ń dá nígbà tí wọ́n bá ń kọjá. Bàbá kan tí mo mọ̀ wo fíìmù náà dé ibẹ̀, ó dìde, ó ní wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń pè. Ọmọ rẹ̀ ní, "Bàbá, eré ni." Àwọn méjèèjì ni mo gbọ́ yé.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń sọ ọ́ ṣáájú. "Ó dùn, ìjà inú rẹ̀ gbóná, ṣùgbọ́n wọ́n lo orúkọ Agẹmọ lọ́nà tí kò jọ tiwa." Ẹni tó bá máa bí nínú á ti mọ̀ kó tó jókòó. Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní 2023, àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó fapá jánú lórí bí Gangs of Lagos ṣe lo aṣọ Ẹ̀yọ̀. Èmi ò sí lára àwọn tó ní kí wọ́n má ṣe fíìmù àṣà mọ́ o. Kí wọ́n ṣáà bi onílé kí wọ́n tó wọlé.

Nígbà tá a sì wà níbẹ̀, kí ló dé tó jẹ́ pé gbogbo ọba inú fíìmù ló ń sọ̀rọ̀ bí ará Ọ̀yọ́? Ọjọ́ tí mo bá rí fíìmù ńlá kan tí ọba àti ìjòyè rẹ̀ ń sọ Ìjẹ̀bú láti òkè délẹ̀, màá lọ kan gbogbo ilẹ̀kùn àdúgbò láti sọ fún wọn.

Àwọn fíìmù ìtàn bí House of Ga'a, ṣé òótọ́ ni gbogbo rẹ̀?

Ó ní gbòǹgbò, ẹ̀ka rẹ̀ ni wọ́n fi kún un. Baṣọ̀run Gáà wà lóòótọ́. Ó fi ọba jẹ, ó yọ ọba, kí Aláàfin Abíọ́dún tó ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774. Fíìmù tí Bọ́láńlé Austen-Peters ṣe ní 2024 kò ṣẹ̀dá ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nínú iyàrá, ẹni tó fẹ́ ẹni, ẹni tó sunkún, ta ló wà níbẹ̀? Bí ẹ bá ń sọ ọ́ fún ọmọ iléèwé, ẹ ní kó wo fíìmù kó sì lọ ka ìwé. Kó má fi fíìmù dáhùn ìdánwò.

Fíìmù tó pa owó jù, ṣé òun ló dáa jù?

Rárá. A Tribe Called Judah ti Fúnkẹ́ Akíndélé, tó jáde ní Oṣù Kejìlá 2023, ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ nílé sinimá wa. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì fẹ́ràn ìyá inú rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin márùn-ún. Àmọ́ owó ń sọ iye ẹni tó wọlé. Kò sọ iye ẹni tó jáde pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn.

Ọmọ wa tó wá láti ìlú òyìnbó kò gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ṣé ọ̀rọ̀ òyìnbó tó ń kọjá nísàlẹ̀ tó fún un?

Ó tó láti tẹ̀lé ìtàn, kò tó fún òwe. Ẹ jókòó tì í.

Nígbà Iléyá, ilé máa ń kún ṣáájú Ojúde Ọba. Fíìmù wo la lè jọ wò láì sí ìjà?

Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí. Ẹ mọ bí pálọ̀ ṣe máa ń rí lálẹ́ ọjọ́ kejì Iléyá. Màmá wà lórí àga ńlá, àwọn ọmọ wà nílẹ̀ lórí ẹní, ìyàwó àbúrò ń pín ẹran díndín nínú abọ́, ẹ̀gbọ́n kan láti Èkó ń tẹ fóònù, ẹlòmíràn ń wá ibi tí òun máa gbé fìlà ọ̀la lé kó má baà rún. Jẹnẹrétọ̀ ń hó lẹ́yìn ilé, nítorí náà fíìmù tó bá gba kéèyàn gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ kò ní dáa níbẹ̀. Màmá sì máa ń bá àwọn inú fíìmù sọ̀rọ̀: "Má wọlé o! Mo ní kó o má wọlé!" Ẹ má pa á lẹ́nu mọ́. Òun gan-an ni wọ́n ń wò.

Ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ gbìyànjú Mokalik, tí Kúnlé Afọláyan ṣe ní 2019. Ọmọdékùnrin kan ni wọ́n mú lọ sọ́gbà mẹkáníìkì kó lọ fi ọjọ́ kan kọ́ṣẹ́. Kò sí ìbọn, kò sí àlè tí ẹ máa torí rẹ̀ bo ọmọ lójú, àwọn mẹkáníìkì inú rẹ̀ sì jọ àwọn tí ẹ mọ̀ ní Sábó gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ẹjọ́ àti irọ́ wọn. Ẹni tó jáde lọ bu omi kò ní pàdánù nǹkan kan tó bá padà dé. Bí ẹ bá rí i pé ẹ̀gbọ́n Èkó ti gbé fóònù sílẹ̀, ẹ ti ṣe é re.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn èyí tí wọ́n kọ 15 tàbí 18 sí lára. Àjọ ìjọba tó ń yẹ fíìmù wò ló ní kí wọ́n máa kọ ọ́, kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Àlejò kan ní òun kò wo fíìmù Yorùbá rí. Èwo ni kí n kọ́kọ́ fún un?

Ṣaworoidẹ. Mi ò ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Túndé Kèlání ló darí rẹ̀, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́, ó jáde ní 1999. Ọba kan ní ìlú Jogbo fẹ́ jẹ ọba láì jẹ́jẹ̀ẹ́ tó yẹ kó jẹ́, ìlù kan sì wà tó mọ̀. Ìlù náà ni ẹ máa fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀, ibẹ̀ ni màá sì dúró. Àwọn èèyàn ní ọ̀rọ̀ ìjọba ni, ó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n orin rẹ̀ nìkan tó láti mú ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá jókòó.

Ẹ tún lè sọ èyí fún àlejò náà, mo ti rí i pé ó máa ń dùn mọ́ wọn: ọ̀dọ́kùnrin tó ṣe Arẹ̀sẹ̀jábàtá nínú Ṣaworoidẹ, Kúnlé Afọláyan yìí náà ni. Bàbá rẹ̀, Adéyẹmí Afọláyan tí wọ́n ń pè ní Adé Love, ló ṣe Àjàní Ògún pẹ̀lú Ọlá Balógun ní 1976, Ọlá Balógun kan náà tó wá darí Ayé fún Ògúndé wa lẹ́yìn náà. Tí àlejò bá parí Ṣaworoidẹ, ẹ fún un ní Aníkúlápó. Tó bá tún béèrè òmíràn, ẹ mú un lọ sí Òsósà.

Ẹni tí mo júwe fíìmù fún ní kò dùn, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ bi í pé ibo ló ti sú u. Bó bá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀, kò tíì wò ó. Bó bá jẹ́ ìparí, ó ti wò ó, ẹ ti rí ohun tí ẹ jọ máa jiyàn lé lórí títí iná fi máa dé. Àbúrò mi obìnrin ní Ìkẹ́nnẹ́ kò fara mọ́ èrò mi lórí fíìmù rí, òun sì ni mo máa ń kọ́kọ́ pè.

Níbo la ti lè rí àwọn fíìmù àtijọ́?

Púpọ̀ wà lórí YouTube. Àwọn kan tí àwòrán wọn ti ń ṣe fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, láti orí kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti gbà wọ́n. Ẹ wá orí ìkànnì ẹni tó ni í kí ẹ tó tẹ èyí tí ẹlòmíràn dà kọ, kí owó lè dé ọwọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá sì ní kásẹ́ẹ̀tì nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ má jù ú nù. Ẹ gbé e kúrò níbi tí ọ̀rinrin wà, ẹ tò ó dúró, kí ẹ sì wá ẹni tó lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà fún yín kí ọ̀rinrin má tíì bà á jẹ́ tán.